"Mo ń bá a polówó ni": ohun tí fídíò tí à ń fọ́wáàdì kì í ṣe fún ẹni tó ṣe é

Nínú gúrúùpù WhatsApp àwa ọmọ Èkìtì, ì báà jẹ́ ti ìdílé, ì báà jẹ́ ti àwọn tí a jọ jáde ilé ìwé, tàbí ti àwa tí a kàn fẹ́ràn ẹ̀rín àti orin, gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n. Ẹnìkan á ju fídíò aláwàdà sílẹ̀, àbúrò kan á béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹni tó ṣe é mọ̀ sí i?" Èsì kì í yàtọ̀: "Kó mọ̀ sí kí ni? Mo ń bá a polówó ni. Ó yẹ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Gbogbo gúrúùpù á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi náà fẹ́ràn awàdà, pàápàá ti àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi èdè Èkìtì ṣe é, tí wọ́n ń pe ilé ní "ulé" láìtijú, tí ìyá àgbà inú eré á sì lé ọmọ jáde nítorí ọmọ ní òun ò jẹ iyán mọ́. Pípín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kiri dára. Ọ̀nà tí à ń gbà pín in ni mo ní ọ̀rọ̀ lé lórí. Fún aláwàdà tó ń fi YouTube tàbí Facebook wá oúnjẹ òòjọ́, fáìlì tí ẹ fà yọ tí ẹ jù sí gúrúùpù kì í polówó fún un. Líǹkì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí owó ṣe ń rìn. Ìpolówó tó máa ń yọjú kí fídíò YouTube tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo wa máa ń fojú wá ibi tí a ó tẹ̀ ká lè fò ó, inú rẹ̀ ni owó wà. Lórí fídíò gígùn, nínú gbogbo 100 tó bá ti ibi ìpolówó wọlé, 55 jẹ́ ti ẹni tó ni fídíò, YouTube á mú 45. Lórí àwọn fídíò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Shorts, 45 nínú 100 ìpín tó bá kàn án ni oníṣẹ́ ń gbà. Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí pé orí YouTube ni ẹ ti wò ó. Bí ẹnìkan bá ti fi áàpù fà á yọ, tó sọ ọ́ di fáìlì, tó jù ú sórí WhatsApp, okùn ti já nìyẹn. Láti ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ti ohun tí a bá fi ránṣẹ́ pa, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á nìkan ló lè rí inú rẹ̀. WhatsApp fúnra rẹ̀ ò lè wò ó, ká má tilẹ̀ sọ ti YouTube. Fídíò náà lè dá ẹ̀rín sílẹ̀ láti Adó dé Ìkéré, kó gba Ìkọ̀lé kọjá, kó dé Ọmùò, kó wọ Kàbà lọ. Lójú ìwé ẹni tó ṣe é, òdo ni.

Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kó iyán olóńjẹ kan ní Ọjà Ọba láìsanwó, tó bù ú kárí àdúgbò, tó wá padà sọ́dọ̀ ìyá náà pé, "Màmá, gbogbo wọn ló ní iyán yín dùn o."

Àwọn kan á ní, kí ni ogójì èèyàn inú gúrúùpù kan fẹ́ ṣe fún un? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí YouTube tó bẹ̀rẹ̀ sí fún ènìyàn lówó ìpolówó, ó gbọ́dọ̀ ní ènìyàn 1,000 tó ti tẹ "Subscribe", kí àwọn ènìyàn sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12 tó kọjá. (Ọ̀nà kejì wà tó lè dípò wákàtí náà, ti Shorts: kí wọ́n wò ó ní ìgbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn kò nílò àánú wa.) Wákàtí 4,000 jẹ́ ìṣẹ́jú 240,000. Bí eré awàdà kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, a gbọ́dọ̀ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìgbà 80,000. Fún ọmọ tó ń fi èdè Èkìtì ṣeré, tí àwọn tó gbọ́ ọ dáadáa kò kọjá àwa nílé àti àwọn ará wa tó wà lẹ́yìn odi, òkè gíga nìyẹn. Wákàtí náà tún máa ń bàjẹ́: èyí tí a wò ní oṣù mẹ́tàlá sẹ́yìn ti jábọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ní ọdún 2023 YouTube ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sí i, ènìyàn 500 àti wákàtí 3,000, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn kò dé ibi owó ìpolówó. Ẹ̀bùn tí àwọn olólùfẹ́ bá fi ọwọ́ ara wọn fún un ló pọ̀ jù níbẹ̀, a sì mọ iye àwa olólùfẹ́ tó ń fún èèyàn lẹ́bùn.

Ká ní ó tiẹ̀ gun òkè náà dé orí. Owó rẹ̀ kò ní jáde títí yóò fi pé dọ́là 100. Kó tó di ìgbà yẹn, tó bá ti ní dọ́là 10, Google á fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí i nínú lẹ́tà gidi, lẹ́tà oníwèé, láti ilé ìfìwéránṣẹ́, kó lè fi hàn pé ibi tó ní òun ń gbé ni òun ń gbé lóòótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Adó, ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé àdírẹ́ẹ̀sì yín fún ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà láìsọ pé "ẹ kọjá ilé alágbẹ̀dẹ, ẹ béèrè Ìyá Rísí".

Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Owó ìpolówó kò dọ́gba káàkiri ayé. Ẹni tó bá wo fídíò láti Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ìpolówó tí wọ́n fi hàn án ń mú owó wọlé ju èyí tí wọ́n fi han ẹni tó wà ní Ìjerò lọ dáadáa, nítorí àwọn tó ń polówó ń sanwó jù láti bá ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, láti oṣù Kẹfà ọdún 2021, owó orí Amẹ́ríkà ń jáde lára èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà wá, tó lè tó 30 nínú 100 fún ọmọ Nàìjíríà. Síbẹ̀ ohun tó kù ṣì jọjú. Àwọn ará wa lókè òkun ni ojú wọn ṣeyebíye jù fún aláwàdà Èkìtì, nítorí àárò ilé ń sọ wọ́n, wọ́n á sì wo gbogbo rẹ̀ dé òpin. Kí la wá ń ṣe? Fáìlì náà là ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Bọ̀dá tó wà ní Houston, tí dátà kì í ṣe ìṣòro rẹ̀ rárá, tó lè tẹ líǹkì láìronú lẹ́ẹ̀mejì, àwa la gba ànfààní yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti Facebook fẹ́rẹ̀ jọ ọ́. Ọdún 2024 ni Meta tó ni ín ṣí ọ̀nà fún àwọn oníṣẹ́ Nàìjíríà láti máa pa owó ìpolówó lórí fídíò wọn. Kò pẹ́ tí àwọn kan rí i pé kò pọn dandan kí ènìyàn ṣeré fúnra rẹ̀: kó fa ti ẹlòmíràn yọ, kó gé orúkọ tó wà lójú fídíò dànù, kó fi orúkọ tirẹ̀ lé e, kó gbé e sójú ìwé tirẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025 Meta kéde pé òun yóò dín bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí ojú ìwé tó ń gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ kiri lemọ́lemọ́ kù, òun yóò sì ti ọ̀nà owó mọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ibo ni àwọn tó ń jí iṣẹ́ gbé wọ̀nyí ti ń rí ohun tí wọ́n ń gé? Púpọ̀ nínú rẹ̀, inú gúrúùpù bíi tiwa ni.

Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "mo ń polówó" máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ìpolówó wo ni kò ní orúkọ? Fídíò tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ènìyàn mélòó kan lórí WhatsApp, ojú rẹ̀ á ti di bàìbàì, apá tí orúkọ wà á ti gé, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ibi tí wọn yóò ti rí òmíràn. Ẹ bi ẹni tó rẹ́rìn-ín jù nínú gúrúùpù léèrè orúkọ ọmọ tó ṣeré náà. Ó ṣeé ṣe kó dáhùn pé, "Ọmọkùnrin dúdú, onírungbọ̀n kan báyìí." Wọ́n ò fi ìyẹn wá ènìyàn lórí YouTube.

Kódà fífọ́nká gan-an, WhatsApp kò dára tó bí a ṣe rò. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019, ibi 5 péré ni ènìyàn lè fọ́wáàdì nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 wọ́n tún ní ohun tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè lọ ju ibi 1 lọ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí ìròyìn èké ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín irọ́ àti awàdà.

Ẹ fi wé orin Gangnam Style tí Psy ọmọ Kòríà Gúúsù gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2012. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n ti wò ó ní ìgbà bílíọ̀nù 1 lórí YouTube, òun ni fídíò àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Àwọn ènìyàn ń jó o níbi ìgbéyàwó nílé níbí láìgbọ́ Kòríà. Líǹkì rẹ̀ ló gba orí Facebook àti Twitter kọjá sójú ayé. Bó bá jẹ́ fáìlì ni gbogbo ayé ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn, a ì bá jó o bákan náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ì bá lè fi bílíọ̀nù yẹn han ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà náà sì ni ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbé ìpolówó fún aláwàdà máa ń kọ́kọ́ wò. Wọn kì í béèrè iye ẹni tó rẹ́rìn-ín ní gúrúùpù ìdílé.

Ó kù ti dátà, èyí tí mo mọ̀ pé ẹ ti ń dúró dè mí fún. Dátà wọ́n, mi ò jiyàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi owó tó lè tó 50 nínú 100 kún iye tí wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé fáìlì orí WhatsApp kì í jẹ dátà? Ó ń jẹ dátà ẹni tó fi ránṣẹ́, ó ń jẹ ti gbogbo ẹni tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tí fóònù yín bá ń dáwùnlóòdù fúnra rẹ̀, ó ti jẹ tiyín kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ wò ó. Líǹkì kò ná ẹni tí kò tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ lè wọ ètò YouTube, kó mú ojú fídíò wá sí 144p tàbí 240p, ìwọ̀n àwòrán tó kéré tí kì í jẹ dátà púpọ̀. Ojú á di bàìbàì díẹ̀, àmọ́ ohùn á jáde ketekete, awàdà sì rèé, ohùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibi tí mo ti gbà fún yín ni ti áàpù Xender: ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ jókòó sójú kan, tí fídíò kọjá láti fóònù sí fóònù láìjẹ dátà, tí ẹnì kan nínú yín kò sì ní dátà tó máa fi ṣí líǹkì rárá. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Ìgbàgbọ́ pé à ń báni polówó yìí kò ṣàdédé wáyé. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, bí a bá da orin eléré kan kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, ilé-iṣẹ́ tó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde ló kọ́kọ́ pàdánù. Eléré fúnra rẹ̀, òde ni oúnjẹ rẹ̀ wà: bí orúkọ rẹ̀ bá ṣe ń dé ìlú mìíràn ni wọ́n ṣe ń pè é síbi òkú àti ìsọmọlórúkọ, tí wọ́n sì ń ná owó fún un. Nígbà yẹn, ẹni tó ní òun ń polówó kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Lónìí náà, eléré òde tó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gbàgàdà sójú fídíò, ẹ fọ́wáàdì tirẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ohun tó fẹ́ gan-an nìyẹn. Aláwàdà orí YouTube kò ní òde tí wọ́n máa pè é sí. Ojú ìwé rẹ̀ ni òde rẹ̀.

Kí n má gbàgbé àwọn tó máa ń kọ "iṣẹ́ yìí kì í ṣe tèmi" sábẹ́ fídíò bí ẹni fi àdúrà bora. Kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2023, fún oníṣẹ́ lágbára láti ní kí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò níbi tí kò ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ kò yí ìyẹn padà.

Irú fídíò kan wà tí ọ̀rọ̀ mi kò bá wí. Níbi ìnáwó wa, àwọn ìyá àgbà ṣì ń kọ alámọ̀, orin ìbílẹ̀ Èkìtì, ẹni tó ní kámẹ́rà á ká a sílẹ̀, á sì jù ú sí gúrúùpù. Ìyá náà kò ní ojú ìwé lórí YouTube, kò sí líǹkì tí a fẹ́ wá. Fáìlì yẹn ni gbogbo ohun tó wà. Èmi náà á fọ́wáàdì rẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ìlú rẹ̀, àti ọdún tí wọ́n ká a, kí n tó fi ránṣẹ́, kí n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó ti bọ́ sí àwọn gúrúùpù kan báyìí: bí fídíò alámọ̀ bá wọlé láìlórúkọ, ẹnìkan á ní, "Ta ni ìyá yìí? Ọmọ ibo ni?" Nígbà mìíràn ọmọ-ọmọ rẹ̀ gan-an ló máa ń dáhùn.