Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì bá ìwé mu? Ẹ ò tíì yẹ nǹkan kan wò

Ẹnìkan tún ti gbé e jáde lọ́sẹ̀ yìí, àwọn èèyàn sì ń mi orí sí i bí alángbá: pé bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì Ferrari tàbí Lamborghini àtijọ́ bá ti bá ìwé ilé iṣẹ́ mu, tí ti ṣáásì (egungun irin tó gbé mọ́tò ró) náà sì bá a mu, ojúlówó ni mọ́tò ọ̀hún, kí olówó máa kówó jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nọ́ńbà tó bára mu ń dáhùn ìbéèrè kan péré: ṣé ohun tó wà lójú irin yìí jọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé? Kò sọ ẹni tó lu nọ́ńbà náà. Kò sọ ọdún tó lù ú. Kò sì sọ nǹkan kan nípa bọ́dì, ọ̀dà, ìjókòó, tàbí ọwọ́ ẹni tí mọ́tò náà wà láàárín 1968 sí 1979.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lu nọ́ńbà ní Maranello, ilé Ferrari, àti ní Sant'Agata, ilé Lamborghini, láyé ọjọ́un. Òṣìṣẹ́ á gbé irin kékeré tí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sí lẹ́nu lé ojú ṣáásì, á fi òòlù lù ú, á mú òmíràn, á tún lù ú. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà gidi kì í fi í sábà tò gbọnrangandan: 3 lè rì ju 7 lọ, 0 lè tẹ̀ sápá kan. Àmọ́ òòlù àti irin yẹn kò sí lábẹ́ àkóso ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní fọ́tò nọ́ńbà gidi tó mọ́ gaara lè gbẹ́ irú rẹ̀. Pátákó alumíníọ̀mù kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tí wọ́n ń kàn mọ́ inú ibi ẹ́ńjìnnì, tilẹ̀ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbangba ni wọ́n ti ń ta tuntun rẹ̀ fún àwọn tó ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe.

Ohun tó wà lábẹ́ nọ́ńbà ló ń tú àṣírí. Nígbà tí òòlù bá ba irin, kì í ṣe ojú irin nìkan ló tẹ̀; inú irin náà á fún pọ̀, ibi tó fún pọ̀ yẹn á sì jìn ju ihò nọ́ńbà fúnra rẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá wá fi gíráíńdà lọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ dànù, tó lu òmíràn sójú ibẹ̀, inú irin ò tíì gbàgbé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí á fi sáńdípépà dan ojú ibẹ̀ títí á fi dán bíi díńgí, á wá fi òwú ra ásíìdì hydrochloric tí wọ́n po mọ́ copper chloride sí i. Ásíìdì kì í jẹ ibi tó fún pọ̀ bó ṣe ń jẹ ibi tó kù, nọ́ńbà àtijọ́ á sì yọ bí òjìji. Kí kámẹ́rà ti wà lọ́wọ́ ni o, torí kì í pẹ́ tó fi ń parẹ́. Ṣáásì onírin ló dára fún jù. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi da blọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì gan-an) V12, oní-sílíńdà méjìlá, ti Ferrari àti ti Lamborghini; ásíìdì tirẹ̀ yàtọ̀, ohun tó sì máa ń yọ kì í mọ́ gaara tó ti irin.

Ẹni tó ni mọ́tò kì í fẹ́ kí wọ́n da ásíìdì sí i lára, mi ò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ásíìdì, tọ́ọ̀ṣì àti kàlípà (irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan tín-ín-rín) ti lè ṣe púpọ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sójú irin. Lára blọ́ọ̀kù, ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ fà nígbà tó ń tẹ́ ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àárín nọ́ńbà kọjá láìdáwọ́ dúró. Bí ilà náà bá kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, tó jẹ́ pé ojú sáńdípépà tó ń yí bírípo lẹ rí níbẹ̀, ẹnìkan ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi kàlípà wọ̀n ọ́n: ibi tí wọ́n bá ti lọ̀ á rẹlẹ̀ ju àyíká rẹ̀, ì báà jẹ́ ìdajì mìlímítà péré. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé nọ́ńbà, ẹ fi pẹ́ńsù ra á, kí ẹ gbé àwòrán tó bá jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn mọ́tò tí nọ́ńbà wọn wà nítòsí, bíi mẹ́wàá tó ṣáájú àti mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Irin ìlù-nọ́ńbà kan náà ni wọ́n máa ń lò fún ìgbà pípẹ́. Bí ìrù 9 ti gbogbo wọn bá ká, tí tiyín nìkan wá nà tọ́ọ́rọ́, kí lẹ tún ń bi mí?

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká gbà pé nọ́ńbà gidi ni gbogbo wọn. Kí ló wá kù? Ferrari 250 GTO tí wọ́n ṣe láàárín 1962 sí 1964, 36 ni wọ́n máa ń kà. Ferrari 250 GTE, tó jẹ́ mọ́tò oníjòkòó mẹ́rin tí wọ́n ṣe láti 1960 sí 1963, lé ní 900. Ẹ́ńjìnnì V12 lítà mẹ́ta irú kan náà, èyí tí ẹnjiníà Colombo yà, ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n gé ọ̀pọ̀ GTE, wọ́n yọ 200 mìlímítà kúrò láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn kí 2,600 lè di 2,400, wọ́n sì fi bọ́dì tó jọ ti GTO bò ó. Nọ́ńbà ṣáásì àti ti ẹ́ńjìnnì irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bára mu wẹ́kú. Ohun tí wọ́n bí kọ́ lẹ ń wò yẹn.

Bákan náà ni Miura ti Lamborghini, tó ní oríṣi mẹ́ta: P400, S àti SV. 150 ni SV, ó sì wọ́n ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí náà àwọn kan mú P400 àti S, wọ́n fẹ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n yọ ohun tó jọ irun ìpéńpéjú tó yí iná iwájú ká. Nọ́ńbà kò yí padà. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ: apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn SV àti ibi tó ti so mọ́ ṣáásì yàtọ̀, ọ̀pọ̀ SV tó gbẹ̀yìn sì ya ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lára ti gíábọ́ọ̀sì, ohun tí àwọn tó ṣáájú kò ní. Countach LP400, Lamborghini mìíràn, náà ò bọ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n fẹ ara rẹ̀ tí wọ́n gbé ìyẹ́ lé lẹ́yìn.

Ibi tí àwọn oníbọ́dì fi àmì sí kì í ṣe ibi tí oníjìbìtì máa ń kọ́kọ́ rántí. Scaglietti tó ń ṣe bọ́dì fún Ferrari àti Bertone tó ń ṣe é fún Lamborghini ní nọ́ńbà tiwọn tí wọ́n fi ń mọ bọ́dì wo ló ni ilẹ̀kùn wo. Ẹ yọ aṣọ inú ilẹ̀kùn, ẹ wo ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìdè rẹ̀. Ferrari tún ní nọ́ńbà inú ilé tí wọ́n ń pè ní "numero interno" lára ẹ́ńjìnnì, èyí tó yàtọ̀ sí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ń tún òǹtẹ̀ lù máa ń gbàgbé rẹ̀.

Wọ́n á ní ilé iṣẹ́ ti fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ó dáa. Ferrari Classiche, ẹ̀ka Ferrari tó ń yẹ mọ́tò àtijọ́ wò, bẹ̀rẹ̀ ní 2006, irú rẹ̀ ti Lamborghini, Polo Storico, ní 2015, iṣẹ́ ńlá sì ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ Classiche kan náà lè da blọ́ọ̀kù tuntun láti inú àwòrán àtijọ́. Ẹ ka ohun tó wà nínú ìwé náà, ẹ má kàn wo awọ pupa tí wọ́n fi bò ó.

Òdìkejì rẹ̀, ìyẹn ojúlówó tí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ló yẹ kó pa ẹnu wọn mọ́. Ferrari GTO tí nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ jẹ́ 3765 jáde ní 1962 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́rin, ó sì ṣe ipò kejì nínú ìje Nürburgring ní Jámánì lọ́dún náà. Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló yọ ẹ́ńjìnnì yẹn lẹ́yìn náà, tó fi ti lítà mẹ́ta sí i. Ní oṣù Kọkànlá 2023, wọ́n lu ú ní gbàǹjo ní New York, ó lé ní mílíọ̀nù 51 dọ́là. Ẹ́ńjìnnì tó bí i kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni wọ́n rà, torí kò sí ibi tó já. Ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù ti sọ irú rẹ̀ ní 1990 lórí Bentley tí wọ́n ń pè ní Old Number One, tó gba ìje Le Mans ní 1929 àti 1930. Ẹni tó fẹ́ rà á ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn ní ayédèrú ni, nítorí díẹ̀ ló kù nínú irin àkọ́kọ́. Adájọ́ Otton dáhùn pé òun náà ni: wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, kò sì sí ìgbà kan tí mọ́tò náà dáwọ́ wíwà dúró.

Mo gbà pé nọ́ńbà tó bára mu lórí mọ́tò tí kò sáré ìje rí ń gbówó lé e, ó sì dára láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò tó láti parí síbẹ̀.

Ní ti ìwé, V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò fi ẹni tó ni mọ́tò hàn. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó ń tọ́jú rẹ̀ ni, wọ́n sì kọ ọ́ sójú ìwé náà gbangba. Ní Ítálì, PRA, ibi tí wọ́n ń forúkọ àwọn tó ni mọ́tò sílẹ̀ sí, ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ láti 1927. Ẹ fi nọ́ńbà pátákó mọ́tò béèrè "estratto cronologico" (àkọsílẹ̀ ní títò ọjọ́), yóò to àwọn tó ni ín tẹ̀léra pẹ̀lú déètì. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ nítorí pé ó ń lọ sókè òkun gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọjọ́ tó wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ibi tó lọ. Ferrari 375-Plus 0384 AM tí wọ́n lu ní gbàǹjo ní Goodwood ní 2014, ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi jà lórí ẹni tó ni ín, ẹjọ́ sì tún tẹ̀ lé títà náà.

Ẹ la ìwé kan sí òpó mẹ́fà: déètì, ẹni tó ni ín, ìlú, kìlómítà, àwọ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Gbogbo rìsíìtì tó wà nínú fáìlì, ẹ gbé e síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ aago kìlómítà àtijọ́ ní ojú márùn-ún, tó bá kọjá 99,999 á padà sí òdo. Ibi tí àwọ̀ bá ti yí láìsí rìsíìtì ọ̀dà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀dà lé. Èyí tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì kò wúlò lórí bọ́dì alumíníọ̀mù, kò sì sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí Ferrari F40, tí bọ́dì rẹ̀ kì í ṣe irin, àyàfi èyí tó ń lo ìgbì ohùn. Lórí F40, ojú yín gan-an lè tó: ọ̀dà ilé iṣẹ́ fẹ́lẹ́ débi pé híhun okùn kábọ́ọ̀nù ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ bá jọ̀lọ̀ bí ẹyin, wọ́n ti tún un kùn.