Ẹ ṣí ọ̀nà fún omi yìnyín kí yìnyín tó dé

Ìpinnu tí Ìgbìmọ̀ Omi ìpínlẹ̀ California ṣe ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 lórí omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń fà ní agbègbè Tule tọ̀nà. Ó sì ti pẹ́ jù. Láti ọdún 2014 ni òfin tó ní kí wọ́n má fa omi abẹ́ ilẹ̀ jù ti wà. Ọdún mẹ́wàá gbáko làwọn aláṣẹ agbègbè fi ń kọ ètò, tí ìjọba ń dá a padà, tí wọ́n tún ń kọ òmíràn, tí ẹ̀rọ kò sì dákẹ́ lẹ́nu kànga. Ní báyìí tí wọ́n ti fi Tule sábẹ́ ìṣọ́, bí wọ́n ti ṣe fún agbègbè Tulare Lake lóṣù Kẹrin ọdún náà, àwọn àgbẹ̀ ńláńlá yóò máa jíyìn iye omi tí wọ́n ń fà, wọn yóò sì máa sanwó lé e lórí. Wọ́n ti figbe ta. A gbọ́ igbe wọn, àmọ́ a ò ní bá wọn ké e. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà, ta ni yóò mọ̀ pé ó ń tán lọ?

Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba bá gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kò lè wọlẹ̀ lọ di omi. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ti ń wí bọ̀ náà la tún ń wí: omi tó yẹ kó padà sábẹ́ oko wà lórí òkè. Òkè Sierra Nevada ni àmù California. Ibẹ̀ ni yìnyín ń kóra jọ sí nígbà òtútù, tí á sì máa yọ́ wá sílẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Nígbà tí wọ́n wọn yìnyín náà níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2023, ó ju ìlọ́po méjì bó ṣe máa ń rí lọ. Ọdún yẹn ni adágún Tulare, tí wọ́n ti fi dáko tipẹ́tipẹ́, jí dìde, tó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà.

Kí ni ìjọba ṣe? Yìnyín ti ń já bọ́ láti oṣù Kejìlá. Ó di ọjọ́ 10 oṣù Kẹta kí Gómìnà Gavin Newsom tó fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n lè darí àkúnya omi sínú oko láìdúró de ìwé àṣẹ. Omi ti ń kan ilẹ̀kùn ìlú nígbà náà! Ojú ogun kọ́ la ti ń rọ ọfà. Òfin tí wọ́n wá ṣe lóṣù Keje ọdún náà kò yàtọ̀ púpọ̀: àfi tí àkúnya bá ti ń halẹ̀ kí ọ̀nà yìí tó ṣí. Síbẹ̀, omi tí ọwọ́ ènìyàn darí sábẹ́ ilẹ̀ lọ́dún yẹn tó èyí tí yóò bo éékà mílíọ̀nù 4.1 ní jíjìn ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí wọ́n bá ti múra sílẹ̀ ńkọ́?

Iṣẹ́ náà kì í ṣe àlá. Lọ́dún 2011, Don Cameron, tó ń bójú tó oko Terranova nítòsí Helm, darí àkúnya odò Kings sínú oko àjàrà. Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Omi dúró sí ìdí àjàrà fún oṣù bíi mélòó kan, ilẹ̀ ń fà á mu, igi àjàrà kò sì kú. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí amọ̀ bá tẹ́ sí nísàlẹ̀, omi kì í kọjá. Ibi tí ajílẹ̀ bá ti pọ̀ jù, omi á gbé e lọ bá kànga. Nítorí èyí gan-an ló ṣe yẹ kí wọ́n ti mọ oko tó yẹ kí yìnyín tó já bọ́.

Àwòrán kan wà tí wọ́n yà nítòsí Mendota. Ọkùnrin kan dúró ti òpó iná. Wọ́n kọ 1977 síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, 1955 ga jù ú lọ, 1925 sì wà lókè téńté. Ibi tí ojú ilẹ̀ wà lọ́dún kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ó ti rì tó ẹsẹ̀ bàtà 28. Amọ̀ tó bá ti fún pọ̀ lábẹ́lẹ̀ báyẹn kì í wú padà, àyè tí omi ń gbé tẹ́lẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Ní Tule, ilẹ̀ tó ń rì ti fa odò àtọwọ́dá Friant-Kern rì mọ́ra, débi pé ibi tó bàjẹ́ jù níbẹ̀ kò lè gbé tó ìdajì omi tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Omi yìnyín sì ni odò yìí ń gbé wá fún àgbẹ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ wò ó: omi tí ẹ jẹ́ kí wọ́n fà lábẹ́ ilẹ̀ ló dí ọ̀nà mọ́ omi tí ì bá wá rọ́pò rẹ̀. Ẹ ti ná ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là láti gbẹ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èló ni ẹ tún fẹ́ ná?

Bẹ́ẹ̀, àwọn tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn kọ́ ló ń ru igbá. Allensworth wà ní agbègbè yìí, ìlú tí Allen Allensworth, tí wọ́n bí sínú ẹrú, bá àwọn ènìyàn dúdú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ dó lọ́dún 1908. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣèlérí omi fún wọn tí wọn kò mú un ṣẹ. Kànga wọn ní májèlé arsenic nínú. Lóṣù Kẹta ọdún 2023, àkúnya omi ń bọ̀ wá bá wọn, àwọn ará ìlú sì ń fọwọ́ ara wọn kó òkúta àti iyanrìn láti dí ojú ihò omi abẹ́ ojú irin. Omi wà níta tó fẹ́ gbé ilé lọ, inú ilé kò sì sí èyí tí ọmọ lè mu. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí wa nínú.

Ní Tule, Ìgbìmọ̀ Omi yọ àjọ omi Delano-Earlimart àti ti Kern-Tulare kúrò lára àwọn tí yóò máa jíyìn, tí yóò sì máa sanwó, nítorí pé ètò tiwọn dára. Ẹ̀rí nìyẹn pé ó ṣeé ṣe. Nígbà náà, agbègbè Kaweah àti Kern wà lára àwọn tó kù tí wọ́n fẹ́ jókòó lé lórí. Kí ìgbìmọ̀ má wulẹ̀ bi àwọn agbègbè léèrè omi tí wọ́n fà nìkan. Kí wọ́n bi wọ́n pé oko wo ni yóò gba omi yìnyín, ta ni yóò ṣí ojú odò, ọjọ́ wo sì ni. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kànga àwọn mẹ̀kúnnù ti ń gbẹ. Kí ìwé àṣẹ sì wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kí oṣù Kejìlá tó wọlé.