Kì í ṣe ariwo lásán: lórí àwo jáàsì àti rọ́ọ̀kì òfuurufú

Kò sí ibi tí mo ti dárúkọ jáàsì òfuurufú, ìyẹn jáàsì tí àwọn olórin rẹ̀ ń fi ìràwọ̀ àti àwọn ayé mìíràn ṣe àkòrí orin wọn, ní Ìbàdàn yìí, láti Mókọ́lá títí dé Challenge, tí mi ò gbọ́ èsì kan náà: "Ariwo ni. Àwọn tí kò mọ orin ló ń ṣe é." Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ẹni tí kò létí orin. Àwọn kan nínú wọn ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn mọ orin Haruna Ishola lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò, torí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹni tí wọ́n ń bú jù bẹ̀rẹ̀, Sun Ra, olórí ẹgbẹ́ jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà. Herman Poole Blount ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí wọ́n bí wọn ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lọ́dún 1914. Kí wọ́n tó máa wọ aṣọ dídán, kí wọ́n tó máa sọ pé inú pílánẹ́ẹ̀tì Saturn làwọn ti wá, wọ́n ti jókòó nídìí dùùrù fún ẹgbẹ́ jáàsì ńlá Fletcher Henderson ní Chicago, wọ́n sì ń to orin fún ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí kò mọṣẹ́ kò lè rí àyè níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Arkestra, ẹgbẹ́ tiwọn, sílẹ̀, ìdánrawò ni láàárọ̀, ìdánrawò ni lálẹ́. Inú ilé kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń gbé ní Philadelphia, Sun Ra kò sì fàyè gba ọtí tàbí oògùn olóró. Kí ẹni tó bá ń rò pé igbó ló ń sọ̀rọ̀ nínú àwọn àwo yìí ro ìyẹn wò. Ẹ gbọ́ Jazz in Silhouette, tó jáde ní 1959. Àwọn fèrè wọlé pọ̀, wọ́n jáde pọ̀, wọn ò fi ìṣísẹ̀ kan ju ara wọn lọ. Marshall Allen tó wà lára àwọn tó ń fọn fèrè níbẹ̀ pé ẹni ọdún 100 ní 2024. Ní 2025 ni wọ́n gbé New Dawn jáde, àwo àkọ́kọ́ tó jáde lórúkọ tiwọn gan-an.

John Coltrane, afọnfèrè jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, ńkọ́? Ẹ fi Ballads, àwo ọdún 1963, sí i fún àgbàlagbà tó kórìíra ariwo jù ní àdúgbò yín, wọn ò ní ní kí ẹ pa á. Ọwọ́ kan náà ló fọn Interstellar Space. Ní oṣù Kejì ọdún 1967 ni Coltrane àti onílù Rashied Ali wọ sítúdíò, àwọn méjèèjì péré, kò sí béèsì, kò sí dùùrù. Wọ́n fi orúkọ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì sọ àwọn orin náà: Mars, Venus, Jupiter, Saturn. Coltrane kú ní oṣù Keje ọdún yẹn, àwo náà kò sì jáde títí di 1974. Òun gan-an ni àwo tí àwọn ènìyàn máa ń gbọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n á pa, tí wọ́n á sì ní àwọn ti mọ bí gbogbo jáàsì òfuurufú ṣe rí.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nínú ọ̀pọ̀ lára àwọn orin náà, Coltrane á kọ́kọ́ mi ṣaworo. Lẹ́yìn náà, á fọn orin kúkúrú kan, á wá mú ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀, á gbé e lọ sókè, á gbé e wá sísàlẹ̀, á yí i padà, á já a sí wẹ́wẹ́, títí á fi tún padà sórí èyí tó kọ́kọ́ fọn. Ṣaworo á tún dún, orin á parí. Ètò wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀.

Àwa gan-an ló yẹ kó tètè yé jù. Lóde ìgbéyàwó, gúdúgúdú kì í kúrò lójú kan, omele ń tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ìyáàlù ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ó ń sáré, ó ń falẹ̀, ó ń dákẹ́ nígbà tó wù ú. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá lè ní onílù yẹn ti da ìlù rú. Àwa tí a gbọ́ oríkì tó ń kì ń náwó fún un. Bí Coltrane ṣe ń fọn fèrè nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé kò sí gúdúgúdú tó ń pa ojú kan mọ́ fún wa.

Irọ́ kejì tí wọ́n ń pa mọ́ jáàsì òfuurufú ni pé orin òyìnbó ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbà tó kẹ́yìn tí Coltrane ṣeré lójú agbo, ní oṣù Kẹrin ọdún 1967, inú ibùdó àṣà Babatunde Olatunji ní Harlem ni, Olatunji ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tó ṣe Drums of Passion ní 1960. Ní 1962, Coltrane ti fi orúkọ Olatunji pe orin kan, Tunji. Sun Ra pẹ̀lú Arkestra wá sí Èkó fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1977. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ló bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí.

Lóòótọ́, òyìnbó pọ̀ lápá ti rọ́ọ̀kì òfuurufú, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Christian Vander, onílù ẹgbẹ́ Magma ní Faransé, tó dá èdè tuntun sílẹ̀ fún orin ẹgbẹ́ rẹ̀, Coltrane ló ń wárí fún. Jaki Liebezeit, onílù Can ní Jámánì, ti lu jáàsì aláìlókùn, èyí tí kì í tẹ̀lé ìlù ojú kan, kó tó wá lu ìlù ojú kan tó wà nínú Tago Mago, ọdún 1971. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì Brian Eno àti David Byrne sì mú orúkọ àwo wọn ti 1981, My Life in the Bush of Ghosts, látinú ìwé Amos Tutuola, Tutuola tó ṣiṣẹ́ rédíò nílùú Ìbàdàn yìí, tó sì kú síbí ní 1997.

Kí ló wá dé tó fi ń dún bí ariwo? Lójú tèmi, fóònù ló fa ìdajì. Ẹnu fóònù kéré, kò lè gbé ohùn béèsì jáde, ìlù ńlá á sọnù, igbe fèrè àti páànù tó wà lára ìlù nìkan á kù. Ẹ wá fi ìyẹn sí inú takisí Micra tó ń họn ní Dùgbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, íyàpíìsì, kódà èyí tí kò wọ́n, yóò dá ohun tó sọnù padà.

Ìdajì yòókù ni pé ibi tó le jù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Lanquidity ti Sun Ra, 1978, ni mo máa ń kọ́kọ́ fún ènìyàn. Béèsì rẹ̀ wúwo, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ẹni tó fẹ́ràn afrobeat á mirí sí i kó tó mọ̀, ìgbà tó bá sì kù díẹ̀ kó parí ni àwọn ohùn á máa sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àwọn ayé mìíràn wà. Lẹ́yìn rẹ̀, Journey in Satchidananda, 1971, tí Alice Coltrane, ìyàwó John Coltrane, fi háàpù ṣe. Béèsì Cecil McBee ń yí po lójú kan níbẹ̀, Pharoah Sanders sì ń fọn fèrè lé e lórí. Mi ò tíì rí ẹni tó ní kí n pa á. Lẹ́yìn ìyẹn ni Future Days ti Can, 1973. Ẹ fi Magma sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ara yín bá le.

Ìgbà tí ẹ bá dé orí Interstellar Space, ẹ má ṣe fi Mars bẹ̀rẹ̀. Venus ló rọ̀ jù.