Miriam Kọ́ Ni Ìkà Inú Alpha Centauri

Ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ nídìí géèmù kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Sid Meier's Alpha Centauri ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nípa àwọn aṣáájú inú rẹ̀: Lal àti Deirdre ni ọmọlúwàbí, Yang àti Miriam ni ìkà, àwọn tó kù wà láàárín. Láti 1999 tí géèmù náà ti jáde ni wọ́n ti ń sọ ọ́, wọn ò sì tíì dákẹ́. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀. Miriam ni mo máa ń kọ́kọ́ pa run, ọkàn mi á sì balẹ̀ pé iṣẹ́ rere ni mo ṣe. Mo ti wá rí i pé ẹjọ́ èké ni mo dá fún un, ó sì ká mi lára.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ayé wa yìí ń bàjẹ́ lọ, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá rán ọkọ̀ òfurufú kan tó ń jẹ́ Unity lọ sí ìràwọ̀ Alpha Centauri. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, ọkọ̀ ti dàrú, wọ́n ti pa ọ̀gá ọkọ̀, Captain Garland, àwọn èrò sì ti tú ká sẹ́yìn aṣáájú méje. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni Lal ń wí. Igbó àti ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ ni ti Deirdre. Zakharov ń wá ìmọ̀, Morgan ń wá owó, Santiago gbára lé ohun ìjà. Yang fẹ́ kí gbogbo ènìyàn di ẹyọ kan ṣoṣo lábẹ́ àṣẹ òun. Miriam ń ké pe Ọlọ́run.

Kí wá ló dé tí Miriam fi di ẹni ìríra? Ogun ni. Bí ilẹ̀ rẹ bá bá tirẹ̀ pààlà, kì í pẹ́ tó fi ń kó ọmọ ogun wá. Àwọn tó ṣe géèmù fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní àfikún agbára 25% nígbàkigbà tí wọ́n bá ń kọlu ènìyàn, wọ́n sì dín ìwádìí rẹ̀ kù débi pé kò lè fi ìmọ̀ bá ẹnikẹ́ni díje. Ẹni tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ báyìí, ọ̀nà wo ló kù fún un bí kò ṣe kó gba tọwọ́ ẹlòmíì?

Kọ̀ǹpútà ló ń ja ogun yẹn. Aṣáájú kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì kékeré kan nínú fódà géèmù; ti Miriam ń jẹ́ believe.txt, ti Lal ń jẹ́ peace.txt. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú wọn, Notepad lè ṣí i. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ bí aṣáájú náà ṣe fẹ́ràn ìjà tó. Yí nọ́ńbà yẹn padà, ìwà yí padà, ìgbàgbọ́ Miriam ò sì kúrò níbi tó wà.

Ẹ ò tiẹ̀ ní láti fọwọ́ kan fáìlì kankan. Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ géèmù tuntun, tí ẹ sì yàn láti ṣètò òfin rẹ̀ fúnra yín, ibì kan wà tí ẹ ti lè sọ pé kí kọ̀ǹpútà da ìwà àwọn aṣáájú pọ̀ bó bá ṣe wù ú. Mo ti ṣe é. Lal ló kó ogun bá mi lọ́jọ́ náà, ogun tí kò dáwọ́ dúró. Miriam jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ààlà mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sọ òkò kan sí mi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkórìíra wọn. Olúkúlùkù ní irú ìjọba tàbí ọrọ̀ ajé tó fẹ́: Lal fẹ́ ìjọba tiwantiwa, Yang fẹ́ ìjọba ọlọ́pàá, Morgan fẹ́ ọjà tí kò ní òfin, Deirdre fẹ́ kí a dáàbò bo ilẹ̀. Bí o bá yan òdìkejì, wọ́n á bínú sí ọ. Ìṣirò kan náà ló ń mú inú bí Lal tó ń mú inú bí Yang.

Bí a bá fẹ́ mọ ìwà wọn, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti ń fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Bí o bá ṣàwárí ìmọ̀ tuntun tàbí kọ́ ilé ńlá kan, géèmù náà máa ń ka gbólóhùn kan láti ẹnu ọ̀kan nínú wọn. Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é, àwa sì ti dá ẹjọ́ Miriam láìfetí sí i rárá. Nígbà tí àwọn yòókù ń yọ̀ pé àwọn rí ẹ̀rọ kéékèèké tó lè ṣiṣẹ́ fúnra wọn, Miriam ló béèrè ohun tí a máa ṣe lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ wọ̀nyí bá jí tí wọ́n sọ pé àwọn ò nílò wa mọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́ Self-Aware Colony, ìlú tó ní ọpọlọ tirẹ̀, fíìmù kékeré tó tẹ̀ lé e fi ẹnì kan hàn tó ń kọ̀wé sára ògiri. Ìlú náà pa á, ó sì nu ògiri mọ́. Ohùn Miriam ló ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ó ń béèrè bóyá a tún fẹ́ dá òrìṣà èké tí yóò jọba lé wa lórí. Ta ló tún bi irú ìbéèrè yẹn nínú àwọn méje? Ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ bí mo bá tún gbọ́ ọ.

Mi ò sọ pé ẹni mímọ́ ni. Ìjọba tó fẹ́ràn jù, tí ẹ̀sìn nìkan ń darí, kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní èrò míì. Ṣùgbọ́n ẹ wo Deirdre tí ẹ̀ ń kọrin ìyìn rẹ̀. Ìdin kan wà nínú ayé tuntun yẹn tí wọ́n ń pè ní mind worm. Ó máa ń fi ẹ̀rù mú ènìyàn rọ, á wọ inú ọpọlọ rẹ̀, á sì yé ọmọ síbẹ̀ kí wọ́n máa jẹ ẹ́ láàyè. Deirdre ló rọrùn fún jù láti mú ìdin yìí sìn, kó sì rán an sí ìlú àwọn ẹlòmíì. Òfin géèmù náà ka gáàsì olóró sí ìwà ọ̀daràn. Kò ka ìdin sí i.

Ti Zakharov, àwọn tó ṣe géèmù ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Nínú ìlú rẹ̀, ní orí ènìyàn mẹ́rin-mẹ́rin, ẹnì kan wà tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ju ti ìlú àwọn yòókù lọ, ìdí tí wọ́n sì kọ sí i ni àìní ìlànà ìwà rere. Ní ti Morgan, tó ń jẹ́ Nwabudike, orúkọ Ìgbò, ó dùn mí pé orúkọ ilé wa kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fún ẹni tó sọ pé ká jẹ ohun ayé yó, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wá ti wọn.

Yang nìkan ni mi ò lè gbèjà. Ó ní ojúṣe ìkẹyìn ọmọ ìlú ni kó wọ inú táǹkì tí wọ́n ti ń yí òkú padà sí ohun ìlò. Ẹni tó bá pè é ní ìkà ò parọ́ mọ́ ọn.

Lal náà ńkọ́? Kò sóhun tó dí ẹni tó bá di Lal mú lọ́wọ́ láti fi irin so iṣan ọpọlọ àwọn aráàlú tó bá ń fẹ̀hónú hàn, kí wọ́n lè dákẹ́. Ó lè dìbò nínú ìgbìmọ̀ àwọn aṣáájú pé kí wọ́n fagi lé àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kí gáàsì olóró má sì ní ìyà mọ́. Mo ti jẹ́ Lal rí, mo sì ti ṣe méjèèjì. Miriam ni mo da gáàsì náà sí lórí.