Ìgbẹ́ ilé ẹni kò tó se oúnjẹ ilé ẹni

Ẹni tó bá ń kọ́lé lóde òní á ti gbọ́ ọ: ẹ darí páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín sínú táńkì báyógáàsì, níbi tí ìgbẹ́ ti ń jẹra di gáàsì tó ń jó, ẹ ò tún ní ra gáàsì ìdáná mọ́. Àwọn tó ń ta táńkì ń wí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń rà á ń retí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀wà bá kọ̀ tí kò jinná ni wọ́n máa ń pariwo pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ó ṣeé ṣe kí táńkì ọ̀hún má ní àbùkù kankan. Ìṣirò ni wọn ò ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ìgbẹ́ tí èèyàn kan ń yà lójúmọ́, bó bá jẹra dáadáa, gáàsì bíi lítà 25 sí 30 ló ń mú wá. Ilé ẹlẹ́ni márùn-ún nìyẹn, lítà 150, a sì ti fi ojú àánú kà á. Ojú sítóòfù kékeré kan ń jẹ lítà 250 sí 400 ní wákàtí kan. Iná bí ìdajì wákàtí ni ẹ máa rí lójúmọ́: ó tó omi tíì, ó tó ẹyin díndín, kò tó ẹ̀wà. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi sìlíńdà wọ̀n ọ́n, oníkílò 12.5 tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, agbára inú rẹ̀ tó ti báyógáàsì lítà 27,000. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ẹni márùn-ún máa fi yàgbẹ́ kí wọ́n tó rí gáàsì tó dọ́gba pẹ̀lú sìlíńdà ẹyọ kan.

Ìdí ẹ̀ ni pé ìgbẹ́ èèyàn kan lójúmọ́ kì í sábà wúwo ju ìdámẹ́rin kílò lọ, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ara wa ti fa agbára oúnjẹ náà mu kó tó jáde. Màlúù náà fa tirẹ̀ mu, ṣùgbọ́n màlúù ń yàgbẹ́ kílò mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, kílò kan sì ń mú bíi lítà 40 wá.

Àwọn tó fẹ́ jiyàn á ní, ọgbà ẹ̀wọ̀n Rùwáńdà ńkọ́? Òótọ́ ni. Láti 2001 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga KIST tó wà ní Kigali nígbà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé táńkì ńláńlá sí àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ibẹ̀, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ Ashden lórí rẹ̀ ní 2005. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń yàgbẹ́ sínú táńkì wọ̀nyẹn, síbẹ̀ nǹkan bí ìdajì igi ìdáná ni gáàsì náà gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi tún ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni márùn-ún tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, lítà mẹ́sàn-án nígbà kọ̀ọ̀kan, ń da lítà 180 sínú táńkì. Bí táńkì bá jẹ́ lítà 2,000, ohun tó wọlé lónìí á ti jáde láàárín ọjọ́ mọ́kànlá. Bẹ́ẹ̀ ogójì ọjọ́ ló yẹ kó lò, nínú ooru tiwa níhìn-ín. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe methane, èyí tó ń jó nínú báyógáàsì, kì í yára bí sí i, wọ́n máa ń lo ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó di méjì. Omi á kàn gbá wọn jáde ni. Ẹ wá da Izal tàbí blíìsì lé e, ẹ ti pa èyí tó kù.

Ìgbàgbọ́ kejì tó máa ń tẹ̀ lé èyí ni pé bí gáàsì ò bá tó, kí a sáà máa da oúnjẹ àjẹkù sí i. Àjẹkù ní gáàsì nínú lóòótọ́, kílò kan ń fúnni ní nǹkan bíi lítà 100. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn kòkòrò tó ń sọ ẹ̀bà àti ìrẹsì di omi kíkan ń sáré, àwọn tó ń sọ omi kíkan di methane ń rìn. Bí ẹ bá da kílò mẹ́wàá sí i lẹ́ẹ̀kan náà, pH, ìwọ̀n tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn (bó bá ṣe kéré sí ni nǹkan ń kan sí), á já wálẹ̀ ju 6.5 lọ, táńkì á máa rùn bí omi ògì tó ti kan jù, gáàsì á máa jáde ṣùgbọ́n iná ò ní ràn mọ́ ọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má da oúnjẹ sí i mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ bu ìgbẹ́ màlúù tútù tí ẹ po sí i, kí ẹ fi eérú díẹ̀ kún un, kí ẹ sì máa fi bébà pH wò ó títí yóò fi padà sí 7.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ lọ sí odò ẹran, ẹ gba ìgbẹ́ màlúù àti koríko tí wọ́n ń fọ̀ dà nù láti inú ṣàkì. Àwọn kòkòrò methane ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣa yanrìn kúrò, ẹ pò ó mọ́ omi ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ tú gáàsì àkọ́kọ́ dà nù síta, níbi tí kò sí iná, nítorí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìgbẹ́ màlúù kílò 20 pẹ̀lú omi lítà 20 lójúmọ́, nínú táńkì tó gba lítà 1,600 yàtọ̀ sí àyè gáàsì, á mú bíi lítà 800 wá: iná wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹni tí kò ní màlúù nítòsí lè fi àjẹkù kílò kan lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un fún oṣù kan títí yóò fi dé márùn-ún. Ẹ má retí pé ojú sítóòfù gáàsì lásán á gbé e. Ihò rẹ̀ kéré jù, ẹ ní kí wọ́n lu ú fẹ̀. Omi ọṣẹ la fi ń yẹ páìpù tó ń jò wò, kì í ṣe ìṣáná.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè darapọ̀ mọ́ ọn bó bá jẹ́ èyí tí a ń fi omi díẹ̀ dà. Àmọ́ táńkì yìí kì í gbóná tó láti pa ẹyin aràn inú, nítorí náà ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ darí omi tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ sí. Ẹ má jẹ́ kó dé ìdí ewédú.