Ẹ Kó Fáìlì Yín Pọ̀!

Ó ti sú mi o. Bí Iléyá bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tọ́jọ́ orí wọn sún mọ́ra, n'Ìjẹ̀bú-Òde ń gbé iṣẹ́ fídíò Ojúde Ọba wá, ohun kan náà lojú mi ń rí. Ẹnì kan á fi fáìlì After Effects (ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń ṣe fídíò) kan ṣoṣo ránṣẹ́ lórí WhatsApp, á ní, "Bọ̀dá, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀." Gbogbo kí ni? Mo ṣí i lálẹ́ àná. Níbi tó yẹ kí àmì ẹgbẹ́ wà, ìlà aláràbarà ni mo rí. Níbi tó yẹ kí ẹṣin wà, ìlà náà ni. Fáìlì 37 ni kò sí!

Fáìlì After Effects kì í gbé àwòrán tàbí fídíò sínú. Ibi tí wọ́n wà lórí kọ̀ǹpútà yín ló kọ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín, kì í ṣe tèmi! Ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Dependencies, ẹ tẹ Collect Files, á kó ohun tí iṣẹ́ náà lò sínú fódà kan. Ẹ má gbàgbé fọ́ńtì, ìyẹn irú lẹ́tà tẹ́ ẹ fi kọ̀wé, o, ìyẹn ẹ máa fọwọ́ ara yín kó.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àmì ẹgbẹ́: "logo final", "logo final 2", "logo tuntun gan-an". Èwo ni ti ọdún yìí? Lọ́dún tó kọjá, ti àtijọ́ ni mo fi sí i. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ náà pè mí láàárọ̀, ohùn wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ti náwó sáṣọ, wọ́n ti náwó sẹ́ṣin. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀.

Lọ́dún yìí, fáìlì tí wọn ò bá kó pọ̀, mi ò ní ṣí i.