Ilé òfìfo ní Nagano kì í bí físà

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: wọ́n ní ẹni tó bá ra ilé òfìfo lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Nagano, nílẹ̀ Japan, yóò gba ìwé ìgbélùú, iṣẹ́ oko yóò sì tẹ̀lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àjòjì lè ra ilé níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé rírà kò fún ẹnikẹ́ni ní físà.

Ilé òfìfo pọ̀. Ìwádìí ìjọba Japan lọ́dún 2023 rí i pé ó tó mílíọ̀nù 9 káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Iṣẹ́ oko náà wà. Abúlé Kawakami ní Nagano ga ju mítà 1,100 lọ, afẹ́fẹ́ tútù ibẹ̀ ló jẹ́ kí létúùsì ṣe dáadáa nígbà tí ooru ń mú àwọn pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Vietnam àti Indonesia wà lára àwọn tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣiṣẹ́ oko, kò sì sẹ́ni tó fi ilé rírà wọlé nínú wọn. Físà òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2019 ń béèrè ìdánwò iṣẹ́ àti ti èdè Japan. Ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í sábà ju ọdún 5 lọ, ẹ ò sì lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání. Ibí yìí ló dùn mí jù, torí àwọn tó ń tan irọ́ náà kì í sọ ọ́.

Àwọn ará Brazil tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ní ìlú Ueda, ní Nagano kan náà, ńkọ́? Àwọn náà kò fi ilé rírà wọlé. Àtọmọdọ́mọ àwọn ará Japan tó ṣí lọ sí Brazil ni púpọ̀ wọn; òfin ọdún 1990 ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ẹni tó bá ń gba owó “físà ilé”, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.